Lífì lẹ́nu iṣẹ́, ọjọ́ tí a lò níta UK, àti ILR

Òṣìṣẹ́ HR, Birmingham

Ẹ kú làálàá o, ẹ̀yin ará. Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn lórí rú nínú ọ̀rọ̀ lífì àti ILR (ìwé àṣẹ láti máa gbé UK láìní gbèdéke) ni pé òfin méjì ló wà níbẹ̀, wọ́n sì máa ń pa wọ́n pọ̀. Ọ̀kan ń ka ọjọ́ tí èèyàn kò sí ní UK. Èkejì ń ka ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ kò ṣiṣẹ́, tí kò sì gbowó. Mánéjà lè fọwọ́ sí lífì yín, kí owó oṣù máa wọlé déédéé, kí Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí físà, ṣì ka gbogbo ọjọ́ yẹn torí pé Ìbàdàn lẹ wà.

Ẹni tó bá wà lórí Skilled Worker, físà àwọn tí ilé iṣẹ́ UK gbà síṣẹ́, kò gbọdọ̀ lò ju ọjọ́ 180 lọ níta nínú oṣù 12 èyíkéyìí, jálẹ̀ ọdún 5 tó fẹ́ fi gba ILR. Iṣẹ́ ló rán yín ni o, ìgbéyàwó lẹ lọ ṣe ni o, ẹ jókòó sí Lẹ́kì tẹ́ ẹ ń fi laptop ṣiṣẹ́ ni o, ọ̀kan náà ni. Ọjọ́ tẹ́ ẹ jáde àti ọjọ́ tẹ́ ẹ wọlé kò sí nínú rẹ̀. Ọjọ́ tí ilẹ̀ mọ́ bá yín níta, tó sì ṣú bá yín níbẹ̀, nìkan ni wọ́n ń kà.

Ìsinmi láìgbowó ní tirẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ọ̀sẹ̀ 4 lápapọ̀ láti January dé December. Kò dìgbà tó bá tẹ̀ léra. Ọ̀sẹ̀ 2 ní April, ọ̀sẹ̀ 3 ní December, ó ti di 5. Tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, ojúṣe sponsor, ìyẹn ilé iṣẹ́ tó dúró fún òṣìṣẹ́ lórí físà rẹ̀, ni láti jáwọ́ lọ́rọ̀ ẹni náà, àyàfi tó bá jẹ́ ìsinmi ìbímọ, ti bàbá ọmọ, ti ìgbàtọ́, àìsàn, tàbí ìyanṣẹ́lódì tó bófin mu. Ẹni tó bá sì pa iṣẹ́ jẹ ju ọjọ́ iṣẹ́ 10 lọ léraléra láìgbàyè, dandan ni kí sponsor fi tó Home Office létí.

Ìyá Ìbejì, Leeds

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ìsinmi ìbímọ wá ń kọ́? Àwọn tó ń gbé ọmọ tuntun lọ sílé kí ìyá wọn lè bá wọn tọ́jú rẹ̀?

Òṣìṣẹ́ HR, Birmingham

Ìyá Ìbejì, ìsinmi ìbímọ kò kan ọ̀sẹ̀ 4 yẹn rárá. Èèyàn lè lo ọ̀sẹ̀ 52 tí òfin fún un láìsí pé sponsor já a sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 180 kò mọ ìkókó.

Ká ní nọ́ọ̀sì kan so lífì ọdún méjì pọ̀, ó jáde ní UK ní 10 November 2023, ó wọlé padà ní 20 January 2024. Láti 11 November dé 19 January, ọjọ́ 70 nìyẹn. Ó bímọ ní April, ó gbé ọmọ lọ sílé ní 1 June, ó dé ní 25 September. Ọjọ́ 115 tún nìyẹn. Tó bá ń fi January dé December kà á, 2023 á jẹ́ 51, 2024 á jẹ́ 134, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Tí físà rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ ní March, tó wá ń ka March dé March, 70 sápá kan, 115 sápá kejì, ọkàn rẹ̀ á tún balẹ̀. Ẹ wá dúró sórí 25 September 2024, kẹ́ ẹ ka oṣù 12 sẹ́yìn: ìrìn àjò méjèèjì bọ́ sínú rẹ̀, ó di 185. Ó ti fi ọjọ́ 5 kọjá, kò sì mọ̀.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ mú ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ padà dé, ẹ ka oṣù 12 sẹ́yìn látibẹ̀, kẹ́ ẹ ro gbogbo ọjọ́ tẹ́ ẹ lò níta pọ̀. Bí mo bá rí i pé ó ti ń sún mọ́ 170, màá ní kẹ́ ẹ dín in kù. Bàálù lè fagi lé ìrìn àjò, ara ọmọ sì lè má yá.

Ará Peckham

Mo fi èyí kún un: ẹ má fi òǹtẹ̀ Lagos nìkan ṣe ìṣirò. Òru ni ọ̀pọ̀ bàálù Lagos sí London ń gbéra. Ẹni tí wọ́n lu òǹtẹ̀ fún ní Ìkẹjà lálẹ́ 19 January, àárọ̀ 20 ló wọ UK, ọjọ́ 19 sì wà lára ọjọ́ tó lò níta. Tó bá kọ 19 sí fọ́ọ̀mù pé òun wọlé, ohun tó kọ àti ohun tó wà lọ́wọ́ Home Office kò ní bára mu.

Ẹ ṣí ìwé kan, kẹ́ ẹ máa kọ ọjọ́ ìjáde, ọjọ́ ìwọlé, ìdí ìrìn àjò, àti iye ọjọ́. Ẹ má sọ pásípọ́ọ̀tù àtijọ́ nù. Tí ọjọ́ bá sọnù mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ wá tíkẹ́ẹ̀tì nínú ímeèlì, tàbí kẹ́ ẹ béèrè àkọsílẹ̀ ìrìn àjò yín lọ́wọ́ Home Office fúnra wọn. Ọ̀fẹ́ ni.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Glasgow

Tí bàbá ẹni bá kú ńkọ́? Ìsìnkú wa kì í ṣe ti ọjọ́ mẹ́ta.

Alámòójútó ìwé, Manchester

Òfin yọ̀ǹda ìyẹn. Wọ́n lè má ka ọjọ́ tẹ́ ẹ lò níta nítorí ikú mọ̀lẹ́bí tímọ́tímọ́ tàbí àìsàn tó lè gbẹ̀mí rẹ̀, tàbí àìsàn bẹ́ẹ̀ lára ẹ̀yin fúnra yín. Wọ́n tún yọ̀ǹda ìgbà tí àjàkálẹ̀ àrùn, ogun tàbí àjálù bá dí ọ̀nà ìrìn àjò. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí ni wọ́n ń wò: ìwé ẹ̀rí ikú láti National Population Commission, lẹ́tà ilé ìwòsàn tó sọ àìsàn náà pẹ̀lú déètì, tíkẹ́ẹ̀tì, àti lẹ́tà tiyín tó ṣàlàyé ìdí tẹ́ ẹ fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. “Ara màmá kò le” lásán kò tó. Tó bá jẹ́ àbúrò bàbá yín ló tọ́ yín dàgbà, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ fi ẹ̀rí tì í. Ẹ má kọ pé bàbá tó bí yín ni. Tí wọ́n bá já a, ẹ̀tàn ni wọ́n máa pè é, ìyẹn sì burú ju ọjọ́ tó lé lọ.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rò. Tí físà yín bá jáde ní February, tẹ́ ẹ wá dúró di April kẹ́ ẹ tó wọ UK torí ẹ fẹ́ ta mọ́tò, tẹ́ ẹ sì fẹ́ ka ìgbà náà mọ́ ọdún 5, ọjọ́ tẹ́ ẹ fi dúró nílé wà lára ọjọ́ tẹ́ ẹ lò níta.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Glasgow

Ẹni tó ti kọjá 180, tí kò sí ẹ̀rí kankan, ṣé ó ti parí fún un nìyẹn?

Alámòójútó ìwé, Manchester

Ó dọ́wọ́ ìgbà tó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń ka ọdún 5. Tó bá jẹ́ pé oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́ ni àṣejù náà wà, ẹ lè ní sùúrù kó bọ́ sẹ́yìn ọdún 5 náà kẹ́ ẹ tó forúkọ sílẹ̀, bí físà yín bá ṣì lọ́jọ́ lórí. Tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò bá ní tó, ẹ kọ́kọ́ sọ físà náà di tuntun. Tó bá jẹ́ ọdún kẹrin ló ti ṣẹlẹ̀, ìdúró á pẹ́ gan-an. Ẹ má fi owó dánrawò. Ní April 2025, wọ́n sọ owó ILR ẹnì kan di £3,029, wọn kì í sì í dá owó náà padà tí wọ́n bá kọ̀ ọ́. Ẹni tí kò ní ìṣòro lè forúkọ sílẹ̀ láti ọjọ́ 28 ṣáájú kí ọdún 5 pé.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ tún ojú ìwé òfin náà kà lórí gov.uk, torí ní May 2025 ìjọba kéde pé àwọn fẹ́ gbé ọdún 5 náà lọ sí 10.

Ẹni tó bá sì fẹ́ di ọmọ ìlú UK lẹ́yìn ILR, ìṣirò míì ni tibẹ̀: ọjọ́ tó lò níta kò gbọdọ̀ ju 450 lọ ní ọdún 5, kó má sì ju 90 lọ ní oṣù 12 tó gbẹ̀yìn. Ó tún gbọ́dọ̀ wà ní UK lọ́jọ́ tó pé ọdún 5 gééré ṣáájú ọjọ́ tí ìwé ìbéèrè rẹ̀ dé ọwọ́ wọn, nítorí náà ẹ wo ọjọ́ yẹn nínú pásípọ́ọ̀tù àtijọ́ kẹ́ ẹ tó tẹ bọ́tìnì.