Níbo ni Washington ti rí gbogbo àwòrán yẹn kó?

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin ará. Àbúrò mi tó wà ní Washington fi fídíò National Gallery of Art wọn ránṣẹ́, Raphael rèé, Rembrandt rèé, Titian rèé, ara ògiri kún dẹ́nu. Mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ mú àwọn ọmọ lọ sí mùsíọ́ọ̀mù Oníkàn ni o, ọ̀rọ̀ Bìní 1897 yẹn ṣì ń ká mi lára. Amẹ́ríkà ò láàfin, wọn ò lọ́ba, báwo ni wọ́n ṣe kó ẹrù Yúróòpù jọ? Àbí àwọn náà jà á gbà ni?

Ìyá Ìbejì Sùúrùlérè: Rárá o, wọ́n rà á ni. Andrew Mellon, olówó ńlá kan, ló ń mójú tó àpò ìjọba wọn nígbà yẹn. Rọ́ṣíà wá ń wá owó òkèèrè lójú méjèèjì láti fi ra ẹ̀rọ, ni ìjọba Stalin bá ń yọ àwòrán inú Hermitage, mùsíọ́ọ̀mù ńlá wọn, tà ní bòókẹ́lẹ́, ẹrù ọbabìnrin Catherine tó jẹ ní Rọ́ṣíà láyé àtijọ́ ló pọ̀ nínú wọn. Láàrin 1930 sí 1931 Mellon ra 21, ó lé ní mílíọ̀nù 6 dọ́là, Alba Madonna tí Raphael yà nìkan lé ní mílíọ̀nù 1, ebi sì ń pa aráàlú ní Amẹ́ríkà lásìkò yẹn o! Bí ìgbà tí ọmọ olówó àná ń ta ilé bàbá ẹ̀ n'Íkòyí ní kọ̀rọ̀ ni, ẹni tó bá ní káàṣì nílẹ̀ ló máa he é.

Baba Yàbá: Èmi ò fi bẹ́ẹ̀ yin Mellon o, ẹjọ́ owó orí ṣì wà lọ́rùn ẹ̀ nígbà tó kọ̀wé sí Roosevelt, ààrẹ wọn, ní 1936 pé òun máa fún wọn ní àwòrán, òun á tún kọ́lé ẹ̀ (ó ti kú kí wọ́n tó dá a láre pé kò lu jìbìtì). Àmọ́ ọgbọ́n tó dá nìyí, ó ní wọn ò gbọdọ̀ fi orúkọ òun pe ilé náà. Ta ló fẹ́ kó ẹrù ẹ̀ lọ sílé tí orúkọ ẹlòmíì wà lára géètì? Ìyẹn ni Samuel Kress, tó fi ṣọ́ọ̀bù ọjà pọ́ọ́kú là, ṣe gbé iṣẹ́ àwọn ará Ítálì tó lé ní 300 wá, Joseph Widener, olówó mìíràn, náà kó tiẹ̀ dé. 1941 ni wọ́n ṣílẹ̀kùn.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó: Catherine wá ńkọ́, níbo lòun ti rí i?

Ìyá Ìbejì Sùúrùlérè: Òun náà rà á ni jàre. Saint George tí Raphael yà, ẹrù Crozat, olówó kan ní Paris, ni, Catherine ra gbogbo ẹ̀ pọ̀ ní 1772, ó di ti Mellon, ó di Washington.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó: Áà, àwòrán yẹn rìn jù mí lọ, èmi tí mi ò tíì kọjá Kùtọnu.