Báwo ni mo ṣe lè kó fọ́tò mi kúrò lórí Google láìjẹ́ pé kọ́sítọ́mà bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́?

Fọ́tòTakie

Ẹ̀yin ọmọ Ajílété, ẹ kú iṣẹ́ o. Takie níbí ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, fọ́tò ni mò ń yà, ìgbéyàwó o, òkú àgbà o, àwọn ọmọ LAUTECH tó fẹ́ ṣe sign-out, kò séyìí tí n kì í yà. Gbogbo iṣẹ́ mi látọjọ́ yìí, orí Google ló wà, Photos àti Drive, GB 15 ọ̀fẹ́ yẹn sì ti ń kún lọ, bó bá sì kún tán email gan-an ò ní wọlé mọ́ torí abọ́ kan náà ni gbogbo wọn ti ń jẹun.

Owó oṣooṣù tí wọ́n ń bèèrè kọ́ ló ká mi lára jù. Ẹnì kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ déédéé jí lọ́jọ́ kan, ilé iṣẹ́ ńlá kan tí mi ò ní dárúkọ ti ti àkáǹtì ẹ̀ pa, wọ́n ní ó rú òfin, wọn ò sọ òfin wo, kò rẹ́ni pè, bẹ́ẹ̀ fọ́tò ìgbéyàwó tí wọn ò tíì gbà lọ́wọ́ ẹ̀ wà níbẹ̀. Àtìgbà yẹn lọkàn mi ò ti balẹ̀.

Wọ́n ní àwọn áàpù kan wà tó jẹ́ pé ìta gbangba ni kóòdù wọn wà, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà lè yẹ̀ ẹ́ wò. Èwo ni mo lè fi ṣiṣẹ́ nínú wọn? Láptọ́ọ̀pù mi ti dàgbà díẹ̀, RAM 4GB, Windows 10. Ti iná, kí n má tún wí. Ṣé kí n kúrò lórí WhatsApp náà ni?

ỌmọUnderG

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ fi WhatsApp sílẹ̀ ná, fọ́tò tó ń mówó wọlé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbà sílẹ̀.

Google fúnra wọn ṣe nǹkan kan tó ń jẹ́ Takeout, ó ti wà láti 2011. Ẹ wọlé síbẹ̀, ẹ mú Photos nìkan ná, níbi tí wọ́n bá ti bi yín pé kí zip kọ̀ọ̀kan ṣe tóbi tó, ẹ mú 2GB, ẹ má mú 50GB o, torí bí nẹ́tíwọ̀kì bá já láàárín, ẹyọ kan péré lẹ máa tún dáńlóòdù. Líǹkì tí wọ́n máa fi ránṣẹ́ kì í pẹ́ ju bí ọ̀sẹ̀ kan lọ kó tó kú, torí náà ẹ ti ra dátà òru sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tú zip yẹn, ẹ máa rí àwọn fáìlì kéékèèké tó ń jẹ́ JSON lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má sọ wọ́n nù, fọ́tò tẹ́ ẹ bá tún ọjọ́ ẹ̀ ṣe lórí Photos, inú ibẹ̀ lọjọ́ yẹn wà.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lo Syncthing, ọ̀kan nínú àwọn áàpù tí kóòdù wọn wà níta gbangba tẹ́ ẹ bèèrè. Látorí fóònù bọ́ sórí láptọ́ọ̀pù tààrà ni, hotspot lásán ti tó, kì í jẹ dátà, kò sì gba ọwọ́ ilé iṣẹ́ kankan kọjá. Áàpù Android tí àwọn tó ni ín ń ṣe tẹ́lẹ̀, wọ́n ti pa á tì ní ìparí 2024, Syncthing-Fork ni kẹ́ ẹ wá lórí F-Droid, ibi tí wọ́n ti ń gba irú áàpù bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, tẹ́ ẹ bá pa fọ́tò rẹ́ lórí fóònù, ó lè bá a rẹ́ lórí láptọ́ọ̀pù náà, kì í ṣe ìpamọ́ nìyẹn. Ẹ ra hard drive kan, ilé ni kó máa gbé, kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù.

ÀgbàKọ̀ǹpútà_Ọ̀yọ́

Ọmọ yìí sọ̀rọ̀ dáadáa. Mo kàn fẹ́ fi díẹ̀ kún un.

Microsoft ti jáwọ́ nínú àtúnṣe ọ̀fẹ́ fún Windows 10 ní 14 October 2025, torí náà láptọ́ọ̀pù yẹn, ẹ fi Linux Mint sí i dípò Windows, ètò ọ̀fẹ́ tó ń gbé kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ ni, ẹ mú èyí tó ń jẹ́ Xfce, kò wúwo, RAM 4GB yín tó o. LibreOffice máa ń bá a wá fún ìnfọ́ìsì àti lẹ́tà. Ibi tó le ni Photoshop àti Lightroom, Adobe ò ṣe ti Linux. GIMP àti darktable wà, ọ̀fẹ́ ni, darktable ń ka RAW kámẹ́rà (fọ́tò bí kámẹ́rà ṣe yà á gan-an) dáadáa, àmọ́ ọwọ́ ò ní tètè mọ́ ọn, bó bá jẹ́ àsìkò tí àríyá pọ̀ lẹ́ ẹ wà yìí, ẹ má yí nǹkan kan padà, ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ rọlẹ̀.

Ẹlòmíì á sọ fún yín pé kẹ́ ẹ gbé Nextcloud kalẹ̀, ìyẹn ibi ìpamọ́ fáìlì bíi Drive, àmọ́ orí ẹ̀rọ tiyín ló máa wà. Nǹkan tó dáa ni, àwọn ará Jámánì ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 2016, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó máa gbé e gbọ́dọ̀ máa wà lórí iná tọ̀sán tòru. Iná Ògbómọ̀ṣọ́ wo? Tẹ́ ẹ bá sì ní kẹ́ ẹ háyà irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń pè ní sáfà, lókè òkun, dọ́là tàbí yúrò lẹ máa máa san, kò sì yé mi ohun tẹ́ ẹ sá fún nígbà náà.

AláṣọÒkè_ỌjàIgbó

Ẹ má bínú sí mi o ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé. Mo fi Signal, áàpù tó jọ WhatsApp, sórí fóònù mi, ọmọ mi ló ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀, èmi àti ọmọ yẹn nìkan la wà níbẹ̀ di òní. Àwọn oníbàárà mi, ẹgbẹ́ wa, ṣọ́ọ̀ṣì wa, WhatsApp ni gbogbo wọn wà. Ta ló máa wá mi lọ síbòmíì torí aṣọ òkè?

Ṣùgbọ́n ohun tó gbé mi wá gan-an nìyí: ẹ̀yin onífọ́tò, ẹ̀ ń bẹ̀rù kí oyinbo má wo fáìlì yín, ẹ̀yin kọ́ lẹ máa ń gbé fọ́tò ìyàwó oníyàwó sórí Facebook láì bi ẹnikẹ́ni? Òkú ẹ̀gbọ́n mi nínú pósí, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti rí i.

ỌmọUnderG

Ẹ̀yin mà, ẹ kú ara fẹ́ra kù o. Òótọ́ ni ti WhatsApp, ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ náà wà ní títì látọdún 2016, ẹni tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí nìkan ló lè kà á, ètò Signal ni wọ́n lò. Àmọ́ ta lẹ bá sọ̀rọ̀, ìgbà wo, ìyẹn ò fara sin fún wọn. FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, tiẹ̀ bu owó ìtanràn $220 mílíọ̀nù lé Meta tó ni WhatsApp ní July 2024 lórí dátà àwa ọmọ Nàìjíríà, tribunal sì fọwọ́ sí i ní April 2025. Ẹ̀gbọ́n, bakọ́ọ̀pù WhatsApp yín, tó bá jẹ́ orí Google ló ń lọ, inú GB 15 yẹn náà ni, ẹ lọ sí ibi Chat backup kẹ́ ẹ tan èyí tó ń tì í pẹ̀lú páásíwọ́ọ̀dù, kẹ́ ẹ kọ páásíwọ́ọ̀dù náà síbì kan.

Fọ́tòTakie

Ẹ ṣeun gan-an. Takeout ti ń ṣiṣẹ́ láti ìrọ̀lẹ́, zip 2GB ni mo mú. Mint á dúró di ìgbà tí òde àríyá bá dín kù.

Mà, ẹ má bínú o, ẹ̀dùn ọkàn ńlá nìyẹn. Mi ò ní parọ́, àwa onífọ́tò kì í bèèrè, a ti kà á sí ìpolówó ọjà. Òfin 2023 tó ń dáàbò bo dátà èèyàn tiẹ̀ wà nílẹ̀ báyìí. Mo fẹ́ fi sórí risíìtì mi, kí oníbàárà fúnra ẹ̀ fàlà sí i bóyá ó gbà kí n gbé fọ́tò òun síta tàbí kò gbà, kí ti òkú wà lọ́tọ̀. Ta ló lè bá mi kọ ọ́ lédè Yorùbá tó já gaara, gbólóhùn méjì, torí risíìtì mi ò gbòòrò?