Ṣé chiropractor lè gba ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ìfarapa?

ÌyáTóbi_Adó
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọmọ mi ọkùnrin tó wà ní SS2 ń gbá bọ́ọ̀lù gan-an, wíńgà ni, ó ń lọ tréníìnì ní Sátidé, wọ́n tún ń gbá a nílé ìwé láàárín ọ̀sẹ̀ lórí ilẹ̀ pupa tí kò ní koríko kankan. Ní ọdún yìí kókósẹ̀ ọ̀tún ẹ̀ rọ́, ó san, ó tún rọ́, wàyí ó ní ẹ̀yìn itan ń fa òun tóun bá fẹ́ tú eré dà sílẹ̀. Bọ̀dá kan ní jíìmù àdúgbò wa ní kí n máa gbé e lọ sọ́dọ̀ chiropractor, àwọn tó ń fi ọwọ́ tẹ eegun ẹ̀yìn àti oríkèé láti tọ́jú ara, lóṣooṣù, pé tí eegun ẹ̀yìn ẹ̀ bá ti dọ́gba kò ní fara pa mọ́. Ó fi fídíò hàn mí, wọ́n yí ọrùn ẹnì kan, ó dún kàkà, àyà mi já! Ó lóun náà mọ̀ ọ́n ṣe, tówó ìyẹn bá pọ̀ jù fún mi kóun bá wa ṣe é. Ṣé òótọ́ ni? Mi ò fẹ́ kó pa bọ́ọ̀lù tì torí ohun tínú ẹ̀ ń dùn sí jù nìyẹn, mi ò sì fẹ́ kó fẹsẹ̀ ṣòfò.

Físíò_Ìdó
Mọ́mì ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Físíò ni mí, àwa tá a ń fi ìdárayá àti ọwọ́ tọ́jú iṣan àti oríkèé, mo máa sọ ọ́ bó ṣe rí.

Iṣẹ́ gidi ni iṣẹ́ chiropractor, àwọn tó ń ṣe é kọ́ ọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. 1895 ni D.D. Palmer bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní Davenport, ní ìpínlẹ̀ Iowa l'Amẹ́ríkà, ní Nàìjíríà níbí, MRTB, àjọ ìjọba tó ń fún àwa físíò ní láísẹ́ńsì náà, ló ń rí sí tiwọn. Tí ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn bá ń dun èèyàn, ọwọ́ wọn lè mú kó rọjú. Ṣùgbọ́n kí wọ́n to eegun ẹ̀yìn kí kókósẹ̀ má baà rọ́, ẹ̀rí ìyẹn ò tó nǹkan. Ìwádìí kan wà tí wọ́n gbé jáde ní Ọsirélíà ní 2010, lára àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù tiwọn lọ́hùn-ún (èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ gbá, kì í ṣe irú tiwa), iṣan ẹsẹ̀ àwọn tí chiropractor ń tọ́jú kò fi bẹ́ẹ̀ fà tó tàwọn yòókù, àmọ́ tá a bá ní ká mú ẹ̀yìn itan nìkan, ìyàtọ̀ ibẹ̀ ò tó ohun téèyàn lè fọwọ́ sọ̀yà lé, àwọn tó kópa ò sì pé ọgọ́rùn-ún. Wọ́n ń fọwọ́ ra iṣan fún wọn pẹ̀lú, kì í ṣe ká kàn yí ọrùn.

Ti eegun tó gbọ́dọ̀ dọ́gba yẹn, ọ̀pá ẹ̀yìn Usain Bolt wọ́, òun fúnra ẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀, ó sì fi sá 100m ní 9.58 ní Berlin ní 2009. Iṣan ikùn àti ẹ̀yìn ló ń mú le. Ìró kàkà tẹ́ ẹ gbọ́ yẹn, afẹ́fẹ́ inú omi oríkèé ni, kì í ṣe eegun tó padà sáyè ẹ̀.

Bọ̀dá jíìmù yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó fọwọ́ kan ọrùn ọmọ yẹn rárá. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tó gba ọrùn lọ sí ọpọlọ lè ya nínú, èèyàn á sì bá rọpárọsẹ̀ pàdé. Kì í wọ́pọ̀ o, àmọ́ ẹni tí ò kọ́ iṣẹ́ ò tiẹ̀ lè mọ ẹni tí kò yẹ kéèyàn ṣe é fún.

Kóòṣì_Ọ̀yẹ́
Ẹ ṣé ẹ̀gbọ́n físíò. Mọ́mì, ẹ bi kóòṣì ọmọ yín bóyá wọ́n ń ṣe wọ́ọ̀mù-ọ́ọ̀pù tàbí wọ́n kàn ń yí pápá po lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó kó bọ́ọ̀lù sílẹ̀. FIFA ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní 11+, kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ, ìsáré díẹ̀, mímú iṣan le, ìdúró lórí ẹsẹ̀ kan, fífò, wọ́n tún sáré. Níbi tí wọ́n ti ń ṣe é déédéé, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ìfarapa ń dín kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ti ẹ̀yìn itan, èyí tí mo fẹ́ràn jù rèé: kó kúnlẹ̀ lórí fóòmù, kí ọ̀rẹ́ ẹ̀ di kókósẹ̀ ẹ̀ méjèèjì mú ṣinṣin, kó na ara gbọọrọ láti orúnkún dé èjìká, kó wá máa tẹ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀ láì ká ìbàdí, nígbà tí itan ò bá lè gbé e mọ́ kó fọwọ́ gba ilẹ̀. Kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú díẹ̀ torí á ro ó lọ́jọ́ kejì. Àwọn ọmọ mi kórìíra ẹ̀, mi ò gbà fún wọn.

Físíò_Ìdó
Kóòṣì, òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ kó má tíì ṣe é nísinsìnyí tí itan ṣì ń fà o, kí físíò kọ́kọ́ wò ó ná.

ỌmọẸ̀fọ̀n
Èmi ń sáré lórí àwọn òkè wa níbí, ẹ̀yìn dà mí láàmú, chiropractor kan l'Ékòó ló bá mi wò ó, mo sì rí ìrọ̀rùn, ẹ má jẹ́ ká fọwọ́ rọ́ wọn sẹ́yìn. Àmọ́ òun náà ló sọ fún mi pé mò ń fi kún eré mi yára jù. Ohun tó ń bí mi nínú níbí ni pé tẹ́sẹ̀ bá ti rọ́ báyìí, omi gbígbóná àti róòbù ni wọ́n á fi wọ́ ọ lójú ẹsẹ̀, ibẹ̀ á sì wú gan-an. Omi tútù ni, kẹ́ ẹ fi báńdéèjì dì í, kẹ́ ẹ gbé e sókè.

ÌyáTóbi_Adó
Ẹ ṣeun gan-an, ọkàn mi balẹ̀. Kókósẹ̀ yẹn ńkọ́ o? Ó sì máa ń pẹ́ lórí fóònù dáadáa kó tó sùn, ṣé ìyẹn náà kàn án?

Físíò_Ìdó
Ó kàn án gan-an. Ìwádìí kan ní 2014 lára àwọn ọ̀dọ́ eléré ìdárayá l'Amẹ́ríkà rí i pé àwọn tí kì í sun wákàtí mẹ́jọ ń fara pa ní ìlọ́po 1.7, ẹ gba fóònù yẹn lálẹ́. Kókósẹ̀ tó bá ti rọ́ rí ló tètè máa ń rọ́, kó máa dúró lórí ẹsẹ̀ yẹn nìkan tó bá ń fọ eyín, tó bá ti rọrùn kó di ojú, kó sì máa wọ báńdéèjì kókósẹ̀ lọ sórí pápá. Tó bá tún rọ́, tí ò lè gbé ìṣísẹ̀ mẹ́rin, tàbí tẹ́ ẹ tẹ eegun méjì tó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kókósẹ̀ tó pariwo, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù fún X-ray, ẹ má gbé e lọ sọ́dọ̀ baba tó ń to eegun.