Ìtànṣán ṣáájú iṣẹ́ abẹ itan: ta ló ti ṣe é rí?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Òṣogbo la wà. Kókó tó wà ní itan ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti tó ọsàn, kò sì dùn ún rárá. Wọ́n gé díẹ̀ lọ yẹ̀ wò: sarcoma ni, ìyẹn irú jẹjẹrẹ kan tó máa ń mú ẹran ara tàbí egungun. Dókítà kan ní kó gba ìtànṣán tí wọ́n fi ń pa jẹjẹrẹ fún ọ̀sẹ̀ 5 n'Ìbàdàn kí wọ́n tó gé e. Èkejì ní kí wọ́n gé e ná. Mo bi àwọn tó gbà á fún jẹjẹrẹ ọmú, tiwọn yàtọ̀. Àwọn dókítà ní tí ìtànṣán bá ṣáájú, ojú abẹ kì í tètè jinná. Tó bá kẹ́yìn, ìwọ̀n rẹ̀ máa ń pọ̀ sí i, ẹsẹ̀ sì lè gan. Aláàdìrẹ ni, ìkúnlẹ̀ ló fi ń ṣiṣẹ́ ọ̀hún. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbà á ṣáájú, báwo ló ṣe pẹ́ tó kí ojú abẹ tó jinná, ṣé ẹ sì ń kúnlẹ̀ báyìí?