Ẹ gbà mí o: níbo ni wọ́n ti ń yẹ oúnjẹ ajá wò fún májèlé n'Ìbàdàn?

Ìyá Bruno, Ọjọ́ Ajé, 5:52 àárọ̀
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n ti lè bá mi yẹ oúnjẹ ajá wò n'Ìbàdàn níbí, bóyá májèlé wà nínú rẹ̀, kó tètè dá mi lóhùn. Ọ̀kan nínú àwọn ajá mi ti kú lánàá. Bruno ṣì ń mí, ṣùgbọ́n kò jẹ, kò mu. Oúnjẹ yẹn ni mo fura sí. Àpò rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́.

Ọmọ Àkóbọ̀, 6:03
Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ọlọ́run á dá èyí tó kù sí. Ilé ìwòsàn ẹran tó wà ní UI, Yunifásítì Ìbàdàn, ni kẹ́ ẹ gbé e lọ. Tẹ́ ẹ bá ti wọ géètì, ẹ béèrè, wọ́n á júwe. Ẹ má gba ọjà Bódìjà láàárọ̀ Mọ́ńdè o, ẹ gba Ọ̀jọ́ọ̀ yí ká.

Bàbá Rex, 6:10
Oúnjẹ wo ni? Olórúkọ tí wọ́n dì pa, àbí èyí tí wọ́n lọ̀ fún yín? Ajá irú wo? Ọmọ ọdún mélòó? Ó ń bì ni, àbí ó ń gbọ̀n? Ẹ ò tíì sọ nǹkan kan fún wa, mà.

Ìyá Simi, 6:14
Èmi ò fún ajá ní nǹkan inú àpò rí. Ìrẹsì àti orí ẹja panla ni mo máa ń sè fún tèmi. Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án, ara rẹ̀ ń dán.

Dókítà Ẹran Òṣogbo, 6:31
Ìyá Bruno, ẹ kú ìrọ́jú. Ká kọ́kọ́ lé akátá jìnnà ná, ká tó fàbọ̀ bá adìẹ. Ọ̀rọ̀ láàbù lè dúró di ọ̀sán, ti Bruno ò lè dúró. Ẹ gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ẹ ká ètè rẹ̀ sókè, ẹ wo erìgì rẹ̀. Ẹ wo ẹyinjú rẹ̀ níbi tó yẹ kó funfun, ẹ wo inú etí. Bó bá ti pọ́n bí ìyeyè, tí ìtọ̀ rẹ̀ sì dúdú bí tíì tí kò ní mílíìkì, ó lè jẹ́ pé ẹ̀dọ̀ ló ń bàjẹ́, ó sì lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ló ń tú nínú iṣan. Oúnjẹ tó bu lè fa ti àkọ́kọ́. Ibà eégbọn máa ń fa ìkejì. Wọ́n jọra débi pé ojú lásán ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló ń yà wọ́n. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní dókítà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá.

Èyí tó kú ńkọ́? Bí ẹ ò bá tíì sin ín, ẹ fi yìnyín yí i ká, ẹ gbé e dání lọ, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó dì gbagidi. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ á sọ ohun tí àpò oúnjẹ ò lè sọ.

Adéníyì Ajá, 6:40
Epo pupa, ife kan, kẹ́ ẹ dà á sí i lẹ́nu báyìí. Òun ló ń pa májèlé. Bàbá mi ò lo nǹkan mìíràn.

Dókítà Ẹran Òṣogbo, 6:42
Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ o! Ajá tí kò lè gbé omi mì, ẹ̀dọ̀fóró ni epo yẹn ń gbà lọ. Mo ti la ajá tó kú lọ́nà bẹ́ẹ̀, epo ló kún inú rẹ̀. Bákan náà, ẹ má fún un ní paracetamol nítorí pé ara rẹ̀ gbóná, ẹ̀dọ̀ tó ti ń ṣàìsàn ò lè gbà á.

Ẹ̀gbọ́n Tiger, 7:05
Ìyá Bruno, ẹ gbọ́ tèmi kẹ́ ẹ tó ná kọ́bọ̀. Lọ́dún tó kọjá, àsìkò òjò, ajá mẹ́ta ló kú mọ́ mi lọ́wọ́ láàárín ọjọ́ mọ́kànlá. Tiger ló kẹ́yìn. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ó wọ́ dé ìdí abọ́ omi rẹ̀, ó gbé àgbọ̀n lé etí abọ́ náà, kò sì lè lá a. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà títí ilẹ̀ fi mọ́.

Mo bu oúnjẹ yẹn sínú nàílọ́ọ̀nù, mo gbé e lọ sí láàbù kan, n kò ní dárúkọ wọn. Owó tí wọ́n gbà ju owó àpò oúnjẹ mẹ́ta lọ. Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ kan, ó di mẹ́rin. Ìwé kan ṣoṣo ni wọ́n fún mi: purotéènì báyìí, ọ̀rá báyìí, eérú báyìí, omi báyìí. Wọ́n ní oúnjẹ náà dára. Mo ní májèlé ńkọ́? Wọ́n ní “àyẹ̀wò oúnjẹ” ni mo kọ sínú fọ́ọ̀mù. Èmi tí mo sọ fún ọmọbìnrin tó jókòó síwájú pé ajá mẹ́ta ti kú! Nígbà tí màá fi délé, wọ́n ti da ìyókù oúnjẹ náà nù nítorí òórùn. Ẹni tó tà á fún mi ní kí n fún òun ní ẹ̀dà ìwé yẹn, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó wà níbẹ̀ títí dòní. Àwọn èèyàn ń kà á, wọ́n sì ń rà.

Ẹ má gbé nǹkan kan lọ sí láàbù.

Ọmọ Àkóbọ̀, 7:11
Háà! Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọ̀fọ̀. Gbájúẹ̀ gbáà nìyẹn.

Ìyá Simi, 7:13
Ajá mẹ́ta! Omi ń bọ́ lójú mi. Orúkọ láàbù yẹn ló yẹ ká mọ̀ o, kí ẹlòmíràn má lọ bá wọn.

Adé Láàbù, 7:26
Ẹ̀gbọ́n Tiger, ẹ pẹ̀lẹ́. Iṣẹ́ láàbù ni mò ń ṣe, kì í ṣe ibi tẹ́ ẹ lọ. Kò sí ẹ̀rọ kan téèyàn ń da oúnjẹ sí tí á pe orúkọ májèlé jáde. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní àyẹ̀wò tirẹ̀: aflatoxin, ìyẹn májèlé inú oúnjẹ tó bu, lọ́tọ̀, oògùn apakòkòrò lọ́tọ̀, májèlé eku lọ́tọ̀, òjé lọ́tọ̀. Ohun tí wọ́n ṣe fún yín jẹ́ òtítọ́, àmọ́ kì í ṣe òun lẹ wá.

Ẹ̀gbọ́n Tiger, 7:30
Ṣé èmi tí ajá kú mọ́ lọ́wọ́ ló yẹ kí n mọ orúkọ májèlé ni? Àwọn tó kàwé ẹ̀ dà? Ó yẹ kí wọ́n bi mí léèrè.

Bàbá Rex, 7:33
Ẹ̀gbọ́n, mo bá yín kẹ́dùn, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ kọ fọ́ọ̀mù. Dókítà ló yẹ kó bá yín kọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n Tiger, 7:35
Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ sí mi mọ́.

Ọmọ Àkóbọ̀, 7:37
Bàbá Rex, ọ̀rọ̀ yẹn le jù. Ẹni tí ń sunkún kọ́ là ń bi léèrè fọ́ọ̀mù.

Adé Láàbù, 7:50
Ẹ̀gbọ́n Tiger ò jẹ̀bi o. Ó yẹ kí wọ́n bi yín, òótọ́ ni, èmi náà á ti bi yín. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí Ìyá Bruno lè lò.

Bó bá jẹ́ aflatoxin, kì í tàn kálẹ̀ dọ́gba nínú àpò. Igun kan lè kún fún un, kí igun kejì mọ́ tónítóní. Ẹni tó bá bu ẹ̀kúnwọ́ kan lókè, ó lè gba èsì pé kò sí nǹkan kan, kí ajá sì ti kú. Ẹ bù ú lókè, láàárín, nísàlẹ̀, ní igun gbogbo, ó kéré tán ibi mẹ́wàá, kó tó kílò kan, kẹ́ ẹ wá pò ó pọ̀. Àpò ìwé ni kẹ́ ẹ kó o sí. Nàílọ́ọ̀nù máa ń làágùn, oúnjẹ á tún máa bu sí i nínú rẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ sí i, ẹ gbé e sí fíríìsà. Ẹ fi aṣọ bo imú yín nígbà tẹ́ ẹ bá ń bù ú.

Ní ti ibi tẹ́ ẹ máa gbé e lọ, ẹ kọ́kọ́ béèrè ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń bá aflatoxin jà níbẹ̀, àwọn ni wọ́n ṣe Aflasafe, ohun tí àgbẹ̀ ń fọ́n sóko kí aflatoxin má bàa wọ irè oko. Ẹ pe orúkọ rẹ̀ fún wọn: aflatoxin.

Aládìẹ Mọ́níyà, 8:02
Aflasafe tẹ́ ẹ dárúkọ yẹn, mo ti lò ó. Ẹ fọ́n ọn sóko nígbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí àgbàdo yọ òdòdó. Bẹ́ ẹ bá sì kórè, ẹ sá a títí omi inú rẹ̀ á fi wálẹ̀ sí ìdá 13 nínú 100. Orí pákó ni kẹ́ ẹ to àpò lé, kó má kan ilẹ̀, kó má fara ti ògiri.

Bàbá Rex, 8:05
Ìyá yìí ò lóko, Aládìẹ. Ajá ló ń ṣàìsàn.

Kúnlé Houston, 8:20
Mo kí gbogbo ilé. Irú èyí ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ wa níbí ní ìparí ọdún 2020. Oúnjẹ ajá Sportmix, tí wọ́n ṣe ní Oklahoma, ìpínlẹ̀ tó múlé ti Texas wa. Àgbàdo tó bu ni. Ajá tó lé ní 110 ló kú kó tó di ìparí oṣù kìíní 2021. Ìwọ̀n aflatoxin tí ìjọba gbà láyè ni 20 nínú bílíọ̀nù kan, ọ̀kan lára èyí tí wọ́n yẹ̀ wò sì dé 558. Ohun tó jẹ́ kí wọ́n tètè mọ̀ ni pé àwọn dókítà àtàwọn olájá ń pe FDA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, wọ́n ń ka nọ́ḿbà ara àpò fún wọn. Ìyá Bruno, ẹ má sọ àpò yẹn nù, ẹ fi fóònù ya gbogbo ohun tí wọ́n kọ sí i lára. NAFDAC ní ẹ̀ka tó ń bójú tó oògùn ẹran àti oúnjẹ ẹran, ẹ fi tó wọn létí.

Ẹ̀gbọ́n Tiger, 8:24
Àpò ti ibí tí wọn kì í kọ nǹkan kan sí ńkọ́?

Adéníyì Ajá, 8:31
Bí wọ́n bá fi omi gbígbóná sè é dáadáa kí wọ́n tó fún ajá, ṣé májèlé náà ò ní kú ni?

Adé Láàbù, 8:33
Kò ní kú. Ìsè lásán ò lágbára lórí aflatoxin. Ohun tó mú oúnjẹ bu lè kú, májèlé tó ti tu sínú rẹ̀ á wà níbẹ̀.

Ìyá Bruno, 9:48
Ẹ má bínú, ẹkún ni mo fi kọ ti àkọ́kọ́. Mo ti wo erìgì rẹ̀. Ó pọ́n bí dókítà ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ó tọ̀ sórí símẹ́ǹtì, ó dúdú. Ọkọ mi ti sin Sheba sábẹ́ igi máńgòrò lánàá, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni hú u. Oúnjẹ náà kì í ṣe olórúkọ. Ọ̀gbẹ́ni kan ló máa ń lọ̀ ọ́ fún wa: àgbàdo, ẹ̀pà tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀ jáde, egungun, ẹja gbígbẹ. Ọdún kẹrin rèé tí a ti ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀, èèyàn dáadáa ni. Ọjọ́ kejìlá nìyí tí a tú àpò tuntun yìí. Mo tún bù nínú rẹ̀ fún àwọn ọmọ pẹ́pẹ́yẹ aládùúgbò wa, ẹ̀rù sì ti ń bà mí báyìí.

Aládìẹ Mọ́níyà, 9:51
Ọmọ pẹ́pẹ́yẹ kẹ̀! Ẹ sáré lọ gbà á lọ́wọ́ wọn. Kò sí ẹyẹ ọ̀sìn tí májèlé yìí tètè ń pa tó wọn. Lọ́dún 1960, tòlótòlò tó lé ní 100,000 ló kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú àwọn ọmọ pẹ́pẹ́yẹ, lórí irú ẹ̀pà tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀ yẹn, Brazil ni wọ́n ti kó o wá. Ikú yẹn gan-an ni wọ́n tọpa rẹ̀ tí wọ́n fi mọ aflatoxin. Ẹ̀pà ni mo fura sí jù nínú ohun tẹ́ ẹ kà sílẹ̀.

Dókítà Ẹran Òṣogbo, 9:55
Ẹ gbé Bruno báyìí, ẹ má dúró ka èyí tán. Ẹ ní kí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún kòkòrò ibà eégbọn, fún ẹ̀dọ̀, àti bóyá ẹ̀jẹ̀ náà ṣì ń dì. Kò sí abẹ́rẹ́ kan tó ń pa aflatoxin nínú ara. Omi ni wọ́n á fà sí i, wọ́n á fún un ní fítámì K àti oògùn tó ń ran ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́, wọ́n á sì máa ṣọ́ ọ. UI ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ lọ.

Ẹ̀gbọ́n Tiger, 10:02
Ẹ má gbàgbé láti bù ú sínú àpò ìwé kẹ́ ẹ tó jáde. Ibẹ̀ ni mo ti ṣìnà.

Ìyá Bruno, 7:16 alẹ́
Ẹ kú alẹ́, ẹ kú àdúrótì. Mo rí gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ. A ò lọ UI. Bruno ò lè dìde dúró mọ́, ọkọ mi ní kò ní fara da sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ, a wá gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran tó wà ní ìpẹ̀kun àdúgbò wa. Ó ti fa omi sí i lára, ó ti gba ẹ̀jẹ̀, ọ̀la ni èsì. Ó kàn bá eégbọn méjì nínú etí rẹ̀, òun náà ò tíì lè sọ èwo ni. Ọmọ pẹ́pẹ́yẹ mẹ́rin ló ti kú.

Ní ti láàbù, n kò lọ. Owó tó wà nílẹ̀, ti Bruno ni mo fi í ṣe. Mo gbé ìyókù àpò náà padà lọ sọ́dọ̀ ọ̀gbẹ́ni tó lọ̀ ọ́. Mo rò pé á bú mi. Ó wò mí lójú, ó mú kọ́kọ́rọ́, ó ṣí ilé ìkẹ́rù rẹ̀. Páànù kan ti jò lẹ́yìn, a rí ipasẹ̀ omi lára ògiri. Àpò ẹ̀pà tó fara ti ògiri yẹn, nígbà tó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, ìṣù ìṣù ló ń yọ jáde, ó gbóná, àwọ̀ ewé wà lára rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀. Ó mú ìwé tó ń kọ orúkọ àwọn oníbàárà sí, ó ka àwọn mẹ́fà tó ra nínú èyí tí wọ́n lọ̀ lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú tèmi. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń pè wọ́n. Mẹ́ta ti gbé fóònù. Ọ̀kan ní Arúlógun ní ajá òun ò jẹun láti Jímọ̀, òun rò pé ooru ni.

Adé Láàbù, 7:20
Mà, ṣé ẹ bù sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó dá àpò náà padà fún un?

Ìyá Bruno, 7:24
Mo bù. Ó wà nínú àpò ìwé ní fíríìsà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹran wa, mo ti dì í lẹ́ẹ̀mejì.

Dókítà Ẹran Òṣogbo, 7:26
Ẹ gbé e kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹran, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ sọ fún ẹni Arúlógun yẹn kó gbé ajá rẹ̀ jáde lálẹ́ yìí, kó má dúró dọ̀la. Kó mú oúnjẹ náà kúrò níwájú rẹ̀. Báwo ni Bruno?

Ìyá Bruno, 7:31
Ó gbé orí sókè nígbà tó gbọ́ ohùn mi. Kò tíì jẹun. Ẹ jẹ́ kí n ṣì máa bọ̀, ẹni kẹrin ló ń pè mí padà yìí.