Orúkọ ìdílé "Wright": ṣé akọ̀wé ló túmọ̀ sí?

Ọmọ Kúbwá: Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin ará Àbújá. Ẹnìkan ń bá mi jiyàn pé "write" ni wọ́n ṣì kọ tó fi di Wright. Ó fi playwright gbè é lẹ́sẹ̀: ṣebí ẹni tó ń kọ eré ni. Ṣé òótọ́ ni? Cartwright àti Arkwright wá ńkọ́?

Baba Gwarinpa: Irọ́ ni. Wyrhta ni wọ́n ń pè é nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́. Òun àti work, gbòǹgbò kan náà ni. Oníṣẹ́ ọwọ́ ni, ẹni tó ń kan nǹkan. Ẹ wò ó dáadáa: lẹ́yìn y ni r wà, kó tó fò bọ́ síwájú. R inú bird náà fò, àmọ́ ẹ̀yìn ni tiẹ̀ fò sí: brid ni tẹ́lẹ̀. Gh tó yadi lónìí, ọ̀fun ni wọ́n fi ń pè é, bíi kh táwọn ààfáà ń pè nínú Lárúbáwá. Ìgbà tí ohùn yẹn kú ni Wright àti write ṣẹ̀ṣẹ̀ wá dún bákan náà. Ẹni tó ń kan eré pọ̀ bí ẹni kan àpótí ni playwright. Ọ̀rọ̀ ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ni, kò tiẹ̀ pẹ́.

Alákàwé: Ohun tó bá ṣáájú -wright ni oníṣẹ́ náà ń kàn. Cartwright ń kan ọmọlanke. Wainwright ń kan kẹ̀kẹ́ ẹrù ńlá, nítorí wægn, orúkọ kẹ̀kẹ́ ẹrù nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ló di wain. Sivewright ń ṣe asẹ́. Arkwright ló máa ń tan èèyàn jẹ. Kì í ṣe ọkọ̀ Nóà o, àpótí ìyẹ̀fun ni wọ́n ń pè ní ark ní àríwá Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá gbọ́ Háúsá á tètè mọ̀ ọ́n: iṣẹ́ tí ma- ń ṣe níwájú maƙeri (alágbẹ̀dẹ) ni -wright ń ṣe lẹ́yìn.

Ẹ má sì rò pé ẹbí kan ni gbogbo Wright. Abúlé wo ni kò ní káfíńtà? Wọ́n pọ̀ ní àríwá níbẹ̀ ju gúúsù lọ, torí gúúsù tètè gba Carpenter, ọ̀rọ̀ àwọn Norman láti ilẹ̀ Faransé tó wọlé lẹ́yìn 1066.

Ọmọ Kúbwá: Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Write fúnra rẹ̀ wá ńkọ́?

Baba Gwarinpa: Wrītan ni, kí á fi nǹkan ẹlẹ́nu ṣóńṣó fa ilà sára igi tàbí òkúta. Kọ tiwa náà rèé: a ń kọ ìwé, a sì ń kọ ilà.