Ìdajì ni ìbú π⁰ mi ń jáde, ẹ gbà mí o!

Ọmọ Ìkọ̀lé: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ àṣekágbá mi ní Adó ti lé mi padà. Iná ò sí láti àná, bẹntiróòlù ti gbówó lórí, àwọn tá a jọ wọlé ti ń tẹ tiwọn. Ìbú π⁰ (páíọ́nì aláìní ṣáájì), ìyẹn bó ṣe ń yára fọ́ di fótóònù (èérún ìmọ́lẹ̀) méjì, ni mò ń ṣírò. 3.88 eV ni mò ń rí, ìwé sì ní bíi 7.8. Ṣé anomaly yìí (bí kúántọ́ọ̀mù ṣe ń ba symmetry kan jẹ́, tó ń jẹ́ kí π⁰ fọ́ báyìí) ò ṣiṣẹ́ tán ni?

Ará Ìjerò: Ṣé a máa dífá ká tó mọ ohun tó o ṣe ni? Kọ fọ́múlà ẹ.

Ìyá Ìbejì: Anomaly kì í ṣiṣẹ́ lábọ̀. Láìsí i, chiral symmetry (èyí tó ya kúáàkì, èérún inú páíọ́nì, sí ọlọ́wọ́ òsì àti ọlọ́wọ́ ọ̀tún) ì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dí ọ̀nà yẹn pa. Sutherland àti Veltman ti fi hàn ní 1967. Adler, Bell àti Jackiw ló tú u ní 1969.

Fìlà Gọbi: Ó ti gbàgbé àwọ̀ mẹ́ta (irú ṣáájì kan ni, kì í ṣe àwọ̀ ojú) tí kúáàkì ní.

Ìyá Ìbejì: Rárá o. 3² ni àwọ̀ fi ń wọlé. Tó bá gbàgbé ẹ̀, 0.86 eV ni yóò rí. Tó bá sì gbàgbé pé fótóònù méjèèjì jọra, ìlọ́po méjì ni yóò rí, kì í ṣe ìdajì.

Fìlà Gọbi: Kí ló dé tẹ́ ò mẹ́nu ba η′, mésónì tó jẹ́ ìbátan π⁰? Ibẹ̀ gan-an ni anomaly ti lágbára. Weinberg ṣírò ẹ̀ ní 1975: ká ní symmetry tí wọ́n ń pè ní U(1) dà bí èyí tó kù ni, irú mésónì bẹ́ẹ̀ ò ní ju √3 ìwọ̀n páíọ́nì lọ, bíi 240 MeV. η′ sì wúwo tó 958!

Ará Ìjerò: Ta ló bi yín ní η′?

Ọmọ Ìkọ̀lé: Ẹ má bínú sà. Γ = α²m³/(64π³f²). Γ ni ìbú, α ni nọ́ńbà agbára iná mànàmáná, f ni pion decay constant (nọ́ńbà tó ń sọ bí páíọ́nì ṣe ń fọ́), m ni ìwọ̀n π⁰, 134.98 MeV. Mo ti yẹ α wò, kò sí àbùkù níbẹ̀.

Ará Ìjerò: f ńkọ́?

Ọmọ Ìkọ̀lé: 130.4 MeV. Inú tábìlì ni mo ti mú un, n kò dá a sọ.

Ará Ìjerò: Ẹ ò rí nǹkan! Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà kọ f, 130 àti 92. √2 ló wà láàárín wọn. Fọ́múlà tó ní 64 yẹn, 92.2 ló ń fẹ́. f² ló wà nísàlẹ̀, ibẹ̀ ni ìdajì ẹ bá lọ. Tó bá jẹ́ 130 lo fẹ́ dandan, sọ 64 di 32.

Ọmọ Ìkọ̀lé: 7.76 ti jáde! Ṣùgbọ́n 7.80 ni àwọn PrimEx, ẹgbẹ́ tó wọn ìbú yìí, rí ní Jefferson Lab ní Amẹ́ríkà.

Ìyá Ìbejì: 7.80 ± 0.12 ni, tìẹ ti wà nínú ẹ̀. Àtúnṣe tó kù ni pé u àti d, irú kúáàkì méjì tó wà nínú páíọ́nì, ò wúwo bákan náà, torí náà π⁰ ń dàpọ̀ díẹ̀ mọ́ η (mésónì mìíràn) àti η′. Ìyẹn ń gbé ìṣirò lọ sí bíi 8.1. Kọ ọ́ sí i kí ọ̀gá ẹ tó bi ọ́.

Fìlà Gọbi: Ẹ ṣáà rí i pé η′ kàn án?